A FI ÈTÈ SÍLẸ̀, À Ń PA LÀPÁLÀPÁ: Ọ̀rọ̀ lórí Fíìmù Opó Mùsùlùmí

  



Ọ̀rọ̀ fíìmù kan ti di àríyànjiyàn láàrin wa. With Difficulty Comes Ease ni wọ́n pe fíìmù náà. Bí a bá yí i sí èdè wa, kò ju “Ìrọ̀rùn wà pẹ̀lú ìnira” lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń kírun yóò mọ ibi tí wọ́n ti mú orúkọ náà: Sūratu ’sh-Sharh ni, èyí tí àwọn ọmọ kéú ń kọ́ sórí kí wọ́n tó mọ ìwé kọ. Korede Azeez ni obìnrin tí ó darí rẹ̀, òun sì ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí ó ṣe. Ní ọdún 2024 ni ó jáde lórí Prime Video. Kì í ṣe irú fíìmù tí a ń ná owó rẹpẹtẹ lé lórí. Ìtàn ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbé dání.

Zainab ni ẹni náà, ọ̀dọ́bìnrin Ìgbò tí ó jẹ́ Mùsùlùmí. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí oyún ṣì wà nínú rẹ̀. Ayé dojú rú fún un. Àṣà ń fà á síhìn-ín, ìfẹ́ àwọn ẹbí ń fà á sọ́hùn-ún, ó sì di dandan fún un láti wá ọ̀nà tí yóò gbà, kí ó tún mọ irú ẹni tí òun jẹ́ lẹ́yìn tí ẹni tí ń pè é ní aya ti lọ. A kò ní sọ ìtàn náà dé òpin, nítorí kì í ṣe òpin rẹ̀ ni ó mú wa gbé gègé.

Kò sí ilé sinimá ní Àgọ́-Àrẹ níhìn-ín, ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́, ohun tí wọ́n bá sì ń wò ní Èkó lónìí, wọn yóò máa wò ó ní Tede àti ní Ìràwọ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Bí ọ̀rọ̀ irú fíìmù báyìí bá ti délẹ̀, ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn wa máa ń pín sí. Àwọn kan á ní, “Harāmu ni. Kí ni ó kan Mùsùlùmí kan eré orí ìtàgé?” Àwọn kejì á ní, “Ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ó ti fi hàn pé kí olúkúlùkù máa gbé ìgbé ayé tí ó bá wù ú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a lẹ́kun.” Àwọn méjèèjì ni ó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Èkínní ń bá àwòrán jà, èkejì ń bá òfin jà, opó náà sì jókòó sáàrin, kò rí ẹni bi í pé kí ni ó ṣe é.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àwùjọ tí kò fún opó ní ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́hun fún un kò ní ẹnu láti bú fíìmù tí ó fi omijé opó hàn.

ṢÉ FÍÌMÙ NI Ẹ̀SÙN NÁÀ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí ń pariwo harāmu lóhùn. Àríyànjiyàn lórí àwòrán kì í ṣe tuntun. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé àwòrán tí ẹ̀rọ yà wà lábẹ́ ìkìlọ̀ tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe fún àwọn ayàwòrán. Àwọn onímọ̀ mìíràn sọ pé ẹ̀rọ kò dá nǹkan kan, òjìji ohun tí Ọlọ́hun ti dá ni ó mú dúró, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá wo dígí. Nítorí náà, ohun tí ó wà nínú àwòrán ni wọ́n ní kí a fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Onímọ̀ ni ìhà méjèèjì, ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ẹni tí ó bá mú ti àkọ́kọ́, tí kò ní tẹlifíṣọ̀n nílé, tí kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò àyàfi èyí tí ìjọba bá béèrè, a bọ̀wọ̀ fún un, a kò sì ní bá a jà.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń pariwo jù? Ẹni tí ó háyà oní-fídíò wá síbi nìkáà ọmọ rẹ̀ ni. Ẹni tí ó ní kí kámẹ́rà sún mọ́ òun dáadáa nígbà tí wọ́n ń lẹ owó mọ́ òun níwájú níbi fìdáù bàbá rẹ̀ ni. Láti ọdún 1976 tí fíìmù The Message ti Moustapha Akkad ti jáde, tí ó sọ ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ Ìsìláàmù, Mùsùlùmí káàkiri ayé ni ó ti wò ó bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn kò tán lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo ìyẹn, tí ó sunkún nítorí Bilāl, kò lè dìde lónìí kí ó sọ pé àwòrán ni òun ń bá jà. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí àwòrán fi opó hàn ni ó di harāmu.

A kò sọ pé gbogbo ohun tí ó wà nínú fíìmù ni ó dára. Ọkùnrin àti obìnrin tí kò sí ìdè kankan láàrin wọn, tí wọ́n ń ṣe bí tọkọtaya lójú ayé, ọ̀rọ̀ ńlá ni nínú òfin wa, ẹni tí ó bá sì fojú fò ó kò ṣe òtítọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a tọ́ka sí àléébù iṣẹ́ kan, ọ̀tọ̀ ni kí a fi àléébù náà bo ẹjọ́ tí iṣẹ́ náà gbé wá. Bí ẹlẹ́rìí kan bá wọ aṣọ tí kò yẹ wá sí ilé ẹjọ́, adájọ́ lè bá a wí nítorí aṣọ, ṣùgbọ́n yóò gbọ́ ẹ̀rí ẹnu rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ó ń tú àṣírí wa fún àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Àṣírí wo? Ọdún 1957 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà ti sọ ọ́ sínú ìwé òfin, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, pé gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ẹ tún orúkọ méjèèjì kà. Orúkọ Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n àṣà ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́, kì í ṣe Kùránì. Àṣírí náà ti tú kí a tó bí obìnrin tí ó ṣe fíìmù yìí.

ÀWỌN OPÓ MÉJÌ NÍ MADĪNAH

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe rò pé ìtàn opó tí ayé dojú rú fún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú àwọn ìwé hadīth tí a kó jọ sínú àpótí mọ́sáláṣí. Ẹ jẹ́ kí a mú méjì.

Èkínní ni ìyàwó Sa‘d ọmọ ar-Rabī‘. Ogun Uhud ni ó pa ọkọ rẹ̀, ní ọdún kẹta Híjírà. Ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ fún un. Arákùnrin òkú dé, ó kó gbogbo dúkìá, nítorí àṣà àwọn Lárúbáwá ni pé ọkùnrin tí ó lè gbé idà ni ó ń jogún. Obìnrin yìí kò jókòó sílé máa sunkún. Ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì dání, ó tọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lọ, ó sọ ẹjọ́ rẹ̀, ó ní kò sí ẹni tí yóò fẹ́ àwọn ọmọ náà bí wọn kò bá ní nǹkan kan. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni āyà ogún fi sọ̀kalẹ̀. Ànábì ránṣẹ́ pe arákùnrin òkú, ó pàṣẹ fún un pé kí ó fún àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ó fún ìyá wọn ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, kí ó sì mú ìyókù. Ẹ kíyè sí i: òfin tí gbogbo Mùsùlùmí ayé fi ń pín ogún títí di òní olónìí, ẹjọ́ opó kan wà ní ìdí rẹ̀.

Èkejì ni Subay‘ah, obìnrin ìran Aslam. Ọkọ rẹ̀, Sa‘d ọmọ Khawlah, kú ní àsìkò Hájì ìdágbére, ní ọdún kẹwàá Híjírà. Oyún wà nínú rẹ̀, bí ti Zainab inú fíìmù yìí gan-an. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó bímọ. Nígbà tí ara rẹ̀ mọ́, ó ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ nítorí àwọn tí ó lè wá fẹ́ ẹ. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Abū’s-Sanābil wọlé tọ̀ ọ́, ó bá a wí, ó ní kò sí ìgbéyàwó fún un títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé. Kí ni Subay‘ah ṣe? Kò bá ọkùnrin náà jà, kò sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ nítorí pé ọkùnrin ni. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó kó aṣọ rẹ̀ wọ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lọ, ó bi í léèrè. Ànábì dá a lóhùn pé láti ọjọ́ tí ó ti bímọ ni ó ti bọ́ nínú ọjọ́ opó, ó sì lè fẹ́ ọkọ bí ó bá wù ú.

Ìtàn yìí wà lọ́dọ̀ Bukhārī àti Muslim. Àwọn onímọ̀ fi ṣe ìpìlẹ̀ òfin: opó tí kò lóyún yóò ka oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, opó tí ó lóyún yóò kà títí di ìgbà tí ó bá bímọ. Opó ọjọ́ díẹ̀, tí ọmọ tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn sàábé tí ó sọ pé ó ya aláfojúdi.

KÍ NI À Ń ṢE NÍ ILÉ WA?

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Madīnah, kí a padà sí Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. Bí Mùsùlùmí kan bá kú láàrin wa, kí ni opó rẹ̀ ń rí?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń rí ni ìwé ìnáwó. Kí ilẹ̀ ibojì tó gbẹ ni ẹbí ti ń jíròrò fìdáù ọjọ́ kẹjọ: màlúù mélòó, àpò ìrẹsì mélòó, ẹgbẹ́jọdá aláwọ̀ wo, àlùfáà mélòó ni a ó pè, èló ni a ó fi sínú àpò ìwé olúkúlùkù. A ti ń sọ ọ́ nínú ìwé wa yìí tipẹ́ pé fìdáù kò ní ìpìlẹ̀ nínú súnnà, a kò ní tún un sọ lónìí. Ìbéèrè tí a ní lónìí yàtọ̀: owó ta ni wọ́n fi ń ra màlúù náà? Bí ó bá jẹ́ láti inú ohun tí òkú fi sílẹ̀ ni, ti àwọn ajogún ni, àwọn tí kò tí ì bàlágà sì wà nínú wọn. Sūratu ’n-Nisā’, āyà kẹwàá, sọ fún wa pé iná ni ẹni tí ó ń jẹ dúkìá ọmọ òrukàn lọ́nà àìtọ́ ń kó sínú ikùn ara rẹ̀. Àlùfáà tí ó jókòó tí ó ń jẹ ẹran náà, tí ó sì tún ń tọrọ àlùjánńà fún òkú, ǹjẹ́ ó ti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó wà nínú àwo rẹ̀?

Ohun kejì ni ogún. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe é kí ó yé ọmọdé. Ọkùnrin kan kú, àwọn òbí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti san owó ìsìnkú, tí a ti san gbèsè rẹ̀, tí a sì ti mú wasiyyah rẹ̀ ṣẹ bí ó bá ṣe é, ó ku ₦2,400,000. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó: ₦300,000. Ó ku ₦2,100,000 fún àwọn ọmọ. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan yóò gba ₦840,000, ọmọbìnrin yóò gba ₦420,000. Ó tán. Àbúrò òkú ńkọ́? Kò sí kọ́bọ̀ fún un níbẹ̀, nítorí àwọn ọmọkùnrin ti dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Àbúrò òkú yìí gan-an ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ ilé, òun ni yóò gun ọ̀kadà òkú, òun ni yóò wa iṣu inú oko, yóò sì tún máa sọ fún opó pé kí ó máa dúpẹ́ pé wọn kò tí ì lé e.

Ohun kẹta ni ṣíṣú opó. Sūratu ’n-Nisā’, āyà kọkàndínlógún, kọ̀ fún onígbàgbọ́ láti jogún obìnrin ní tipátipá. Obìnrin kì í ṣe àgbọ̀nrín tí àwọn ọlọ́dẹ pín. Bí opó bá fẹ́ arákùnrin ọkọ rẹ̀ tinútinú, lẹ́yìn tí ó ti parí ọjọ́ rẹ̀, pẹ̀lú nìkáà àti sọ̀dáàkì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹbí jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ kí wọ́n máa yan ẹni tí yóò gbà á, kí wọ́n sì sọ fún un pé bí ó bá kọ̀, kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí ó sì fi ọmọ sílẹ̀, jàhílíyà ni. Fìlà tí ó wà lórí àwọn tí ó ń ṣe é kò sọ ọ́ di Ìsìláàmù.

Ohun kẹrin ni ọjọ́ opó fúnra rẹ̀. Àwọn kan gé e sí ogójì ọjọ́, àwọn kan fà á di ọdún. Àwọn mìíràn lé opó kúrò nínú ilé ọkọ kí ọjọ́ tó pé, nígbà tí ó jẹ́ pé inú ilé yẹn gan-an ni ó yẹ kí ó ti ka ọjọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu bi í léèrè ohun tí ó pa ọkọ rẹ̀, bí ẹni pé kì í ṣe Ọlọ́hun ni ó ń pa, tí ó sì ń jí.

Ẹ ronú sí èyí pẹ̀lú. Ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ Anekwe àti Nweke, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Nàìjíríà bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà ilẹ̀ Ìgbò tí ó fẹ́ lé opó kúrò nínú ilé ọkọ rẹ̀ nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Ilé ẹjọ́ ayé ni ó ń tún àṣà ayé ṣe. Àwa tí Ọlọ́hun ti tún tiwa ṣe láti ọ̀run wá, ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé irínwó sẹ́yìn, àwa ni a tún ń fi ọwọ́ ara wa gbé àṣà tí Ọlọ́hun wó padà dìde. Èyí ni ètè tí a fi sílẹ̀. Fíìmù tí à ń bú ni làpálàpá.

WÍWÁ ARA ẸNI RÍ

A yí sí ìhà kejì báyìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sọ pé ẹ̀kọ́ fíìmù náà ni kí olúkúlùkù máa ṣe ohun tí ó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ pé kí ènìyàn wá ara rẹ̀ rí ti gba ẹnu yín kan. Kò burú. Ṣùgbọ́n níbo ni ènìyàn ti ń wá ara rẹ̀? Sūratu ’l-Hashr, āyà kọkàndínlógún, kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe dà bí àwọn tí wọ́n gbàgbé Ọlọ́hun, tí Ọlọ́hun sì mú kí wọ́n gbàgbé ara wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ Ọlọ́hun nù kí ó lè rí ara rẹ̀, ohun méjèèjì ni yóò sọ nù.

Subay‘ah wá ara rẹ̀ rí. Kò wá a nípa fífọ́ òfin. Ó wá a nípa bíbéèrè òfin lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù, ó sì rí i pé òfin náà fẹ̀ ju ohun tí Abū’s-Sanābil fi dẹ́rù bà á lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ummu Salamah, tí ọkọ rẹ̀ Abū Salamah kú ní ọdún kẹrin Híjírà lẹ́yìn ọgbẹ́ tí ó gbà ní Uhud. Ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún un, ọ̀kan nínú wọn sì ń jẹ́ Zaynab. Lẹ́yìn ọjọ́ opó rẹ̀, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fẹ́ ẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Hudaybiyyah, nígbà tí ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí àwọn sàábé dìde láti gúnran kí wọ́n sì fá orí, ìmọ̀ràn obìnrin yìí ni Ànábì tẹ̀lé tí ọ̀rọ̀ fi yanjú. Opó tí àwọn kan lè ti kà sí ẹni tí ayé rẹ̀ ti tán, òun ni ó gba gbogbo ìjọ sílẹ̀ nínú ìdààmú ní ọjọ́ náà.

Ẹ tún wo orúkọ fíìmù náà. Nínú Sūratu ’sh-Sharh, ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́hun lò ni ma‘a, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “pẹ̀lú”. Kò lo ba‘da tí ó jẹ́ “lẹ́yìn”. Àwọn onímọ̀ tafsīr tún ṣàlàyé pé Ọlọ́hun pe ìnira lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú al, èyí tí ó fi hàn pé ìnira kan náà ni. Ṣùgbọ́n Ó pe ìrọ̀rùn lẹ́ẹ̀mejì láìsí al, èyí tí ó fi hàn pé ìrọ̀rùn méjì ni. Ìnira kan kò ní borí ìrọ̀rùn méjì. Kì í ṣe pé kí opó máa fara dà á títí ìrọ̀rùn yóò fi dé lọ́jọ́ kan. Ìrọ̀rùn náà ti wà nínú ilé pẹ̀lú ìnira láti ọjọ́ kìn-ín-ní: ìdá kan nínú mẹ́jọ, ilé tí yóò máa gbé, ọjọ́ tí ó ní iye, òmìnira láti fẹ́ ẹni tí ó bá wù ú. Àwa ni a gbé ìrọ̀rùn náà pamọ́, tí a wá ń sọ fún opó pé kí ó ṣe sùúrù.

OWÓ KÉKERÉ, IṢẸ́ ŃLÁ

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tí ó bá sọ pé àwọn aláìmọ̀ ni ó ń sọ ìtàn wa. Ta ni ó yẹ kí ó sọ ọ́? Ní ọdún 1985 ni Mike Bamiloye dá ẹgbẹ́ eré Mount Zion sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan, wọ́n ṣe Agbára Ńlá, ó sì wọ ilé onílé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, títí kan ilé Mùsùlùmí. Ẹ̀sìn wọn ni wọ́n ń gbé lárugẹ, a kò sì bá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ni a fi dáhùn? Àwọn ọmọ wa kò ṣàìsí nínú iṣẹ́ fíìmù. Muyideen Alade Aromire wà lára àwọn aṣáájú tí ó kọ́kọ́ fi kámẹ́rà fídíò kékeré ṣe eré Yorùbá fún títà. Orúkọ Mùsùlùmí pọ̀ lára àwọn òṣèré wa láti ìgbà náà títí di òní. Ìsìláàmù ni kò sí nínú eré náà. Àlùfáà inú fíìmù Yorùbá, lọ́pọ̀ ìgbà, ni ẹni tí ó ń kọ hàǹtú, tí ó ń fi tẹ̀sùbáà wo ọjọ́ ọ̀la, tí ó sì ń ṣe oògùn fún olówó. A jókòó wò ó, a rẹ́rìn-ín, a sì sọ pé eré ni.

Obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kí ó tó ṣe fíìmù Zainab, ó wà lára àwọn 6 tí Netflix àti UNESCO yàn ní Áfíríkà láti ṣe fíìmù kúkúrú lórí àlọ́ ilẹ̀ wọn. $25,000 ni ẹ̀bùn olúkúlùkù, wọ́n sì ya $75,000 sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ fíìmù kọ̀ọ̀kan. Tirẹ̀, Halima’s Choice, jáde ní ọdún 2023. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ohun tí wọ́n ń ná lórí fíìmù ní òkè òkun mọ̀ pé owó táṣẹ́rẹ́ ni èyí. Ẹ sì wo iye tí a ń ná lórí fìdáù àwọn olówó wa! Bí a bá kó owó màlúù ọdún kan jọ ní ìlú kan ṣoṣo, a ó rí ohun tí a ó fi sọ ìtàn Subay‘ah ní èdè Yorùbá, láìsí pé obìnrin ṣí ara sílẹ̀, láìsí pé ọkùnrin fọwọ́ kan ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí kò bá gba fíìmù lè ṣe é lórí rédíò, ohùn nìkan. Ẹni tí ó bá kọ méjèèjì, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe panu mọ́, kí a sì tún máa bínú pé ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢE

Èkínní, kí mọ́sáláṣí kọ̀ọ̀kan mọ iye opó tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a bá sin ọkọ, kí lèmọ́ọ̀mù ka ẹ̀tọ́ opó àti ti àwọn ọmọ sí etí ẹbí, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ màlúù. Lèmọ́ọ̀mù tí ó bá ń tijú láti ṣe èyí, kí ó rántí pé a ó bi òun náà.

Èkejì, kí gbogbo ọkùnrin tí ó ní ìyàwó, tí ó sì ní ohun tí yóò fi sílẹ̀, kọ wasiyyah rẹ̀, pé òfin Ìsìláàmù ni kí wọ́n fi pín ogún òun, kí ó sì wá ẹlẹ́rìí méjì. Ànábì kò fẹ́ kí Mùsùlùmí tí ó ní ohun tí yóò sọ nípa rẹ̀ sùn fún òru méjì láìjẹ́ pé ìwé náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìjọba kò dá ilé ẹjọ́ ṣàríà sílẹ̀ fún wa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn Mùsùlùmí Ìbàdàn ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ṣàríà tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 2002. Bí o bá kú láìkọ nǹkan sílẹ̀, àṣà ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi pín dúkìá rẹ, o ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ tì aya rẹ síta.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, ẹ kọ́ ìmọ̀ ogún. Ọmọ tí ó ń ṣe ìṣirò ní ilé-ìwé gíga lè kọ́ ọ láàrin oṣù díẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá dúró níwájú yín bí Abū’s-Sanābil, ẹ óò mọ ibi tí ẹ ó kó aṣọ yín gbà.

Kí Ọlọ́hun fi òye ẹ̀sìn yé wa. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí a kú pẹ̀lú ẹ̀tọ́ opó àti ti ọmọ òrukàn lọ́rùn. Kí Ó sì jẹ́ kí gbogbo opó wa rí ìrọ̀rùn tí Ó ti fi sí ẹ̀gbẹ́ ìnira wọn. Āmīn.